Ẹ Béèrè Ọ̀nà, Ẹ Má Béèrè Ìtàn

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ọdọọdún la máa ń kó ara wa lọ sí Ọ̀fà fún Ìléyá, ṣùgbọ́n màmá mi ṣubú nínú oṣù kìíní, ẹsẹ̀ wọn kò sì tíì gba ọkọ̀. Ilé mi níhìn-ín ní Ìlọrin la ó ti ṣọdún, wọ́n sì ti ń sunkún sí i. Kùmásì ni wọ́n gbé láti kékeré. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kí ìjọba Gánà tó lé wọn wálé lọ́dún 1969. Àwọn àbúrò mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní kí n fi ọjọ́ ọdún gba ìtàn ìrìn àjò wọn sílẹ̀, wọ́n ti fi ogójì ìbéèrè ránṣẹ́. Mo bi wọ́n ní ti àkọ́kọ́, wọ́n ní, 'Kí ni mo fẹ́ sọ? A lọ, a bọ̀.' Báwo ni ká ṣe é? Àpótí páànù kan tún wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn tí wọn kì í jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ṣí. — Ìyá Fàtíà, Ọ̀fà Gàràjì, Ìlọrin."

Ìyá Fàtíà, ẹ kú ìtọ́jú màmá. Ọlọ́run á fún wọn lẹ́sẹ̀ tí wọ́n á fi rìn wọ Ọ̀fà lọ́dún tó ń bọ̀.

"A lọ, a bọ̀" yẹn, ẹ má fojú kékeré wò ó. Ìbéèrè ni kò dára, ìdáhùn dára. Ẹni tó ti lọ, tó ti bọ̀ láìmọye ìgbà, wọ́n ní kó ká gbogbo rẹ̀ jọ sẹ́nu kan ṣoṣo, kó kó o lé fóònù lọ́wọ́. Kí ló fẹ́ sọ lóòótọ́? Mo mọ̀ ọ́n nítorí pé èmi náà ti ṣe irú àṣìṣe yìí, owó oṣù ni wọ́n sì ń san fún mi nígbà tí mo ṣe é.

Iṣẹ́ tí mo fi èyí tó pọ̀ jù nínú ayé mi ṣe ni gbígba ìtàn ẹnu àwọn àgbà sílẹ̀, láti Ìlọrin títí wọ ilẹ̀ Ìgbómìnà. Mo ṣì kéré nídìí iṣẹ́ náà nígbà tí mo lọ bá bàbá kan l'Ọ́fà tó ti ṣòwò káàkiri òkè Gánà. Mo gbé rẹ́kọ́dà síwájú wọn, mo ní, "Bàbá, ẹ sọ ìtàn ìgbésí ayé yín nílẹ̀ Gánà fún wa." Wọ́n tún fìlà ṣe, wọ́n wo ẹ̀rọ náà, wọ́n wá fi ohùn wáàsí sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Wọ́n ní ayé dùn nígbà náà. Wọ́n ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ ohun tó ń jẹ́ ìyà. Ó parí. Mo pa ẹ̀rọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká wáyà. Ibi tí mo ti ń ká a ni ọmọ ọmọ wọn ti gbé ẹ̀pà sísè wọlé. Bàbá bó ẹyọ kan, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n ní, "Èyí ò tó ti Djougou." Mo ní, "Ta lẹ mọ̀ ní Djougou, bàbá?" Òru ni mo kúrò nílé wọn lọ́jọ́ náà. Yendi lókè Gánà ni wọ́n ti mú mi, wọ́n mú mi gba Djougou, gba Parakou, gba Nikki nílẹ̀ Dàhòmì, wọ́n mú mi já sí Kàyámà. Wọ́n fi ibi tí wọ́n ti ń ra omi hàn mí, àti ibi tí ẹni tó gbọ́n kì í sùn. Nígbà tí a ó fi rí Ìlọrin lọ́ọ̀ọ́kán, orúnkún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa dun èmi tí mo jókòó. Wáyà rẹ́kọ́dà mi sì wà nínú báàgì.

Láti ọjọ́ yẹn, mi ò béèrè ìtàn lọ́wọ́ àgbàlagbà mọ́. Ọ̀nà ni mo máa ń béèrè.

Ìtàn ń ba èèyàn lẹ́rù. Ẹni tí wọ́n ní kó sọ ìtàn á rò pé òun gbọ́dọ̀ mọ orí rẹ̀, mọ ìdí rẹ̀, kí òun sì ní ẹ̀kọ́ kan tí òun á fi kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀nà kò béèrè gbogbo ìyẹn. Kéèyàn ṣáà ti gba ibẹ̀ kọjá ni: ibi tí táyà ti bẹ́, obìnrin tó ń ta ẹja, agbero tó gbé ẹrù ẹlẹ́rù sọ̀ kalẹ̀. Ẹ bi màmá pé, "Tí lọ́rì bá ti kúrò ní Kùmásì, ibo lẹ ti kọ́kọ́ máa ń sọ̀ kalẹ̀ jẹun?" Ẹ dákẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ka ookan dé ogún nínú ara yín kẹ́ ẹ tó tún sọ̀rọ̀, nítorí pé ìrántí arúgbó kì í sáré. Ní ti ogójì ìbéèrè Lọ́ńdọ̀nù, ẹ bá mi kí àwọn àbúrò yín, kẹ́ ẹ sì kó ìwé náà fún alákàrà.

Ẹ wá páálí fífẹ̀ kan, irú èyí tí wọ́n fi ń di fíríìjì, ẹ tẹ́ ẹ síwájú àga wọn. Kí Fàtíà mú máákà, kó fa ìlà gígùn kan, kó kọ Kùmásì sí ìpẹ̀kun kan, kó kọ Ọ̀fà sí ìkejì. Kò gbọdọ̀ kọ nǹkan kan sáàárín. Màmá ló máa sọ ohun tó wà níbẹ̀. Ó tiẹ̀ dáa kí ọmọ náà ṣìnà díẹ̀. Bó bá kọ Kútọnu ṣáájú Lomé, ẹ má tọ́ ọ sọ́nà. Mi ò tíì rí àgbàlagbà tí yóò rí ọ̀nà tó gbà lọ́jọ́ ayé rẹ̀ tí wọ́n kọ ọ́ sódì tí yóò panu mọ́. Ẹ ó gbọ́ "háà, rárá o!" kí máákà náà tó gbẹ.

Kẹ́ ẹ lè dá àwọn orúkọ náà mọ̀ tí wọ́n bá ń jáde, ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ wọn ń gbà rèé. Láti Kùmásì wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ wá sí Accra, wọ́n á gba apá etíkun dé Aflao tí í ṣe ẹnu ibodè, Lomé sì rèé lọ́hùn-ún ibodè. Lẹ́yìn Lomé, Kútọnu, lẹ́yìn náà Porto-Novo, kí wọ́n tó já sí Ìdìrókò, kí wọ́n sì wọ Èkó. Láti Èkó, àwọn kan á tún wọ lọ́rì. Àwọn mìíràn á lọ wọkọ̀ ojú irin ní Ìdó: Abẹ́òkúta, Ìbàdàn, Òṣogbo, títí ó fi fọn fèrè wọ Ọ̀fà. Ẹ ṣọ́ra fún ibì kan níbẹ̀. Àjàṣẹ́ ni àwọn àgbà ń pe Porto-Novo. Bí màmá bá ní, "A sùn ní Àjàṣẹ́," kí Fàtíà má lọ kọ Àjàṣẹ́ Ìpo sí ẹ̀gbẹ́ Ọ̀fà. Mo ti rí ìwé tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga kan kọ bẹ́ẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ̀ kò sì rí i.

Ẹ lè tún gbọ́ nípa odò Fóltà. Wọ́n ṣí afárá Adomi ní 1957. Ṣáájú ìgbà náà pọ́ntù, ìyẹn ọkọ̀ omi pẹrẹsẹ, ló ń gbé ọkọ̀ sọdá lágbègbè ibẹ̀, àwọn tó sì gun un lọ́mọdé kì í gbàgbé bí lọ́rì ṣe ń mì lórí omi.

Màmá ò ní rántí ọdún o. Ẹ má tiẹ̀ béèrè ọdún, ojú á kàn máa tì wọ́n lásán ni. Ọ̀nà fúnra rẹ̀ máa ń sọ ọdún rẹ̀ fẹ́ni tó bá mọ ohun tí yóò gbọ́. Ẹ bi wọ́n léèrè ọwọ́ tí dírẹ́bà ń gbà. Òsì ni ọkọ̀ ń gbà ní Nàìjíríà títí di oṣù kẹrin 1972, òsì náà ni wọ́n ń gbà ní Gánà títí di oṣù kẹjọ 1974. Ṣùgbọ́n ọ̀tún ni Tógò àti Dàhòmì (Orílẹ̀-èdè Olómìnira Bẹ̀nẹ̀ ti òde òní), àwọn tí Faransé jọba lé lórí. Ẹ wá wò ó, lọ́rì kan láti Kùmásì á gba òsì dé Aflao, á bọ́ sí ọ̀tún tó bá wọ Lomé, á tún padà sí òsì ní Ìdìrókò. Ìyá kan l'Ọ́fà sọ fún mi pé bí dírẹ́bà bá ti fẹ́ yí ọwọ́ padà báyìí, gbogbo inú lọ́rì á pariwo "Lá ìláhà ìllallàhù" lẹ́ẹ̀kan náà, ẹlẹ́sìn Jésù tó wà láàárín wọn á sì ṣe "Àmín." Bí màmá yín bá rántí pé wọ́n yí ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì nínú ìrìn àjò kan, ó ti wà ṣáájú 1972. Bó bá ṣe pé wọ́n padà lọ wo ọjà wọn lẹ́yìn náà, tí ọ̀tún gbé wọn láti ilé dé Lomé, tó wá di òsì ní ilẹ̀ Gánà nìkan, àárín 1972 sí 1974 nìyẹn. Ẹ rí i pé ẹ ò béèrè ọdún kankan.

Owó náà ń sọ̀rọ̀. Títí di 1958, owó kan náà ni wọ́n ń ná ní Kùmásì àti l'Ọ́fà, kọ́bọ̀ oníhò tí àwọn ọmọdé ń fi okùn sín. Lọ́dún náà Gánà bẹ̀rẹ̀ sí í ná pọ́ùn tirẹ̀, ó sì sọ ọ́ di sídì ní 1965. Náírà tiwa dé ní oṣù kìíní 1973. Nítorí náà, "Kí lẹ fi ra omi?" wúlò ju "Ọdún wo ni?" lọ. (Ẹ béèrè tọróotọró náà, ìyẹn àwọn ọkọ̀ èrò inú ìlú wọn. Tọ́rọ́ ni owó ọkọ̀ náà nígbà kan, orúkọ náà sì ti lẹ̀ mọ́ ọn láti ìgbà yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń fi tọ́rọ́ wọ̀ ọ́ mọ́.)

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ojú ọjọ́, nítorí Ìléyá ló ni ín. Ọdún òṣùpá fi bí ọjọ́ mọ́kànlá kéré sí ọdún tí à ń kà lórí kàlẹ́ńdà, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí Ìléyá fi ń sún sẹ́yìn lọ́dọọdún, tó ń ti inú òjò bọ́ sínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ìléyá 1957 bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje. Ti 1960 bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà, ti 1963 sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún, ti 1966 sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin. Ti 1969 bọ́ sí ìparí oṣù kejì. Bí màmá bá ní ẹrẹ̀ mú lọ́rì, tí gbogbo èrò sọ̀ kalẹ̀ tì í, tí aṣọ ọdún sì rẹ nínú àpótí, ọmọdé ṣì ni wọ́n. Bí wọ́n bá ní eruku pupa bo ojú gbogbo wọn débi pé ìyá ọkọ wọn kò dá wọn mọ̀ ní gàráàjì, àwọn ọdún tó gbẹ̀yìn nìyẹn, wọ́n sì ti lọ́kọ. Ẹ kọ ọdún tí ẹ bá ṣírò sí igun páálí níbi tí ojú màmá kò ní dé. Ẹ má fi ìṣirò yín bá wọn jiyàn. Mo ti rí ọmọ tó fi kàlẹ́ńdà borí ìyá rẹ̀ nínú àríyànjiyàn, ìyá náà kò sì sọ̀rọ̀ mọ́ títí ọdún fi parí.

Ó kù sí ọjọ́ ọdún fúnra rẹ̀. Ẹkún tí màmá ń sun, mi ò rò pé ọ̀nà Ọ̀fà ló ń dùn wọ́n. Ẹ rántí ohun tí wọ́n máa ń ṣe tẹ́ ẹ bá délé. Wọ́n á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, èèyàn á máa wá kí Ìyá Kùmásì, ọpọ́n ẹran á wà níwájú wọn, wọ́n á máa pín in: "Èyí ni ti ilé Ìmáàmù, ẹ mú èyí lọ fún ìyàwó Ràímì." Ní Ìlọrin wọ́n ń bẹ̀rù pé àwọn á kàn jẹ́ ẹni tí wọ́n gbé ẹran fún. Nítorí náà, ẹ má pín ẹran kankan lẹ́yìn wọn. Kí wọ́n wà níbi tí wọ́n ti lè rí àgbò náà láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Tí àwọn ọkùnrin bá ti ti Yídì dé, tí wọ́n bá ti dú u, tí wọ́n sì kun ún, ẹ gbé ọpọ́n síwájú wọn, kẹ́ ẹ fún wọn ní ọ̀bẹ àti náílọ̀nù. Kí wọ́n pín tilé, kí wọ́n pín ti ará àti ọ̀rẹ́, kí wọ́n pín ti aláìní. Ọ̀fà Gàràjì lẹ sì ń gbé, ọkọ̀ Ọ̀fà kò jìnnà sí yín. Ẹ dín apá kan gbẹ dáadáa, kí màmá dárúkọ àwọn tó ni ín lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì rán ọmọ kan lọ fi jíṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Kí ọmọ náà gba fọ́tò ẹni kọ̀ọ̀kan tó gba ẹran. Tó bá padà dé tó ń fi hàn wọ́n, ẹ ó gbọ́ orúkọ èèyàn tí ẹ kò gbọ́ rí.

Ẹnìkan á sọ pé kẹ́ ẹ gbé wọn lọ wo ẹṣin ní ààfin. Òótọ́ ni pé ẹṣin leégún ilé níbí, ìran náà sì dùn. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jinná kò ní iṣẹ́ láàárín èrò.

Oúnjẹ ńkọ́? Ibẹ̀ gan-an ni ẹnu máa ń là jù. Ẹ fi ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà ṣáájú ọdún bẹ̀rẹ̀ kẹ́ńkẹ́, èyí tí àwọn Àṣáńtì ń pè ní dokono. Àgbàdo funfun ni, ẹ rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ méjì, ẹ lọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ má sẹ́ ẹ bí ògì, èèpo àti gbogbo rẹ̀ ló ń bá a lọ. Ẹ fi omi díẹ̀ pò ó kó le, ẹ bò ó, kó kan fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ẹ dá a sí méjì. Ẹ gbé ìdajì kaná pẹ̀lú omi àti iyọ̀, ẹ máa fi orógùn rò ó títí á fi ki bí àmàlà tí kò tíì jinná tán, ẹ wá dà á lé ìdajì tútù lórí, ẹ pò wọ́n pọ̀ kó tó tutù. Èyí tí iná ti kàn ló ń mú èyí tí iná kò kàn dìmọ́ra. Ẹ mọ ọ́n ní róbótó, ẹ fi háhá àgbàdo wé e mọ́lẹ̀ pinpin, kó wà lórí iná fún wákàtí kan ààbọ̀, kò burú tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ata tútù, tòmátì àti àlùbọ́sà ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú ẹja díndín, inú àwo amọ̀ tí wọ́n há níkùn ni wọ́n sì ti ń lọ ata náà. Àwọn amọ̀kòkò wà ní Dáda, ní Òkèlélé. Bí ẹ bá ṣàlàyé irú àwo náà fún wọn tẹ́lẹ̀, kò lè ṣòro fún ọwọ́ tó ti ń mọ ìkòkò láti kékeré.

Kẹ́ńkẹ́ yín kò ní dáa. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n ṣáájú. Màmá á tọ́ ọ wò, wọ́n á ní kò kan tó, tàbí ó kan jù, tàbí pé ta ló kọ́ yín láti wé e báyìí. Ẹ bi wọ́n pé, "Ta ló ń ṣe èyí tó dáa?" Obìnrin tí orúkọ rẹ̀ bá jáde lẹ́nu wọn, ẹ bi wọ́n léèrè ibi tó ń jókòó sí lọ́jà, ta ló jókòó sọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, kí ni màmá fúnra wọn ń tà, orúkọ wo ni obìnrin náà fi ń pè wọ́n. Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ gbọ́ "Alata", nítorí bẹ́ẹ̀ làwọn Àṣáńtì ń pe Yorùbá. Ọṣẹ dúdú wa pàápàá, "alata samina" ni wọ́n ń pè é lọ́jà wọn títí dòní. Níwọ̀n bí àgbàdo lílọ̀ yẹn yóò ti máa kan fún ọjọ́ mélòó kan, ìlú kan tó fún ọjọ́ kan lórí páálí Fàtíà. Tó bá fi máa di ọjọ́ ọdún, ẹ ti wà ní Ìdìrókò.

1969 wá ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó dájú kẹ́ ẹ lè mọ ibi tí ẹ ń tẹ̀. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá ọdún náà ni ìjọba Kofi Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, pàṣẹ pé àlejò tí kò bá ní ìwé àṣẹ ìgbélùú kó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó wà níbẹ̀ kò ní ìwé kankan rí, kò sẹ́ni tó bi wọ́n. Ohun tí àwọn tó ń kọ̀wé kì í sábà rántí ni pé inú àwẹ̀ ló bọ́ sí. Oṣù Ràmàdáánì ọdún náà bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ kọkànlá oṣù kọkànlá, àwẹ̀ ò tíì ju ọ̀sẹ̀ kan lọ nígbà tí àṣẹ dé, gbèdéke náà sì pé lọ́jọ́ kejì oṣù Kejìlá, àwẹ̀ ò tíì tán. Àwọn èèyàn ta ọjà ní ìdákúdàá, wọ́n sì wọ lọ́rì pẹ̀lú àwẹ̀ lẹ́nu. Ìléyá àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe nílé lẹ́yìn ìyẹn, àárín oṣù kejì 1970 ni, ogun abẹ́lé wa kò tíì ju oṣù kan lọ tó parí. Orúkọ ọdún náà ń sọ pé ilé yá, wọ́n sì ti wà nílé láìfẹ́.

Ẹ má mú ọ̀rọ̀ yìí wá fúnra yín. Bí ẹ bá ti ń tẹ̀ lé ọ̀nà, ọ̀nà náà á débẹ̀, tàbí kí màmá yà fún un. Tí wọ́n bá yà, ẹ yà pẹ̀lú wọn. Tí wọ́n bá wọ̀ ọ́, ẹ má béèrè ohun tí wọ́n pàdánù, nítorí pé wọ́n ti kà á láìmọye òru. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n gbé. Kí ló wọ inú lọ́rì? Ta ló bá yín gbé e? Kí lẹ fi ṣínu lọ́jọ́ yẹn nígbà tí oòrùn wọ̀? Tí omijé bá dé, ẹ má sáré sọ pé ó tó, ẹ má sì tan ojú fóònù sí wọn. Ẹ kàn di ọwọ́ wọn mú. Kẹ́ ẹ sì rántí, Ìyá Fàtíà, pé ẹ̀yin náà wà nínú lọ́rì yẹn. Nínú gbogbo ogójì ìbéèrè, kò sí èyí tó béèrè ẹ̀yìn ẹni tí wọ́n pọ̀n yín sí dé Ọ̀fà. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè béèrè ìyẹn.

Ní ti Lọ́ńdọ̀nù, àkókò wa àti tiwọn bára mu lásìkò yìí, kò sí àwáwí. Ṣùgbọ́n wọn kò gbọdọ̀ wà lórí fídíò nígbà tí ẹ bá wà nídìí páálí. Ojú mẹ́jọ nínú fóònù tó ń ké "Màmá, ẹ gbé orí sókè!" á gbé gbogbo rẹ̀ pa. Kí wọ́n pè láàárọ̀ ọdún láti kí wọn, kí màmá sì ki ẹnì kọ̀ọ̀kan. Màmá yín lè sọ pé àwọn ò mọ ìtàn, ṣùgbọ́n mi ò gbà pé ìyá ará Ọ̀fà kan wà láyé tó máa rí ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ Ìléyá tí kò ní kì í ní Ìyèrú Ọ̀kín, ọmọ Ọlọ́fà mọjọ̀, ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Ẹ gba ìyẹn sílẹ̀ ní odindi.

Gbígbà sílẹ̀ náà kò le. Ẹ pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù kí ìpè má já a, ẹ gbé e lé aṣọ ìnura tí a ká, kí ẹnì kan sọ ọjọ́, ibi àti orúkọ àwọn tó wà níjòókòó kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Ẹ kó ẹ̀dà rẹ̀ sí ibi méjì lálẹ́ ọjọ́ náà. WhatsApp nìkan kò tó, nítorí ó máa ń fún fọ́tò àti fídíò pọ̀ kí wọ́n má ba tóbi, tí fóònù bá sì sọnù ó lè bá a lọ. Fọ́tò àtijọ́, ẹ gbé e síbi òjìji lẹ́nu ilẹ̀kùn, kẹ́ ẹ ya iwájú rẹ̀, kẹ́ ẹ ya ẹ̀yìn rẹ̀ náà, nítorí òǹtẹ̀ ayàwòrán máa ń wà níbẹ̀. Pẹ́ńsù ni kẹ́ ẹ fi kọ orúkọ sẹ́yìn rẹ̀, báírò á yọ síwájú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ìwé àtijọ́ kankan lọ fún àwọn tó ń fi rọ́bà bo ìwé nígboro. Tí wọ́n bá ti fi iná lẹ̀ ẹ́, kò sí oníṣẹ́ tó lè tú u mọ́ láìba ìwé náà jẹ́.

Ó wá kan àpótí páànù. Ẹ má ṣí i. Ẹ má wá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá sùn, ẹ má sì jẹ́ kí àwọn àbúrò yín bẹ̀ yín láti òkèèrè. Tí páálí bá ti kún dé Ọ̀fà, tí ara wọn sì balẹ̀, ẹ wulẹ̀ fà á jáde, ẹ nu eruku orí rẹ̀ níṣojú wọn, ẹ gbé e síbi tí ọwọ́ wọn lè tó, kẹ́ ẹ lọ máa dín ẹran yín. Bí wọ́n bá pe Fàtíà pé kó wá bá àwọn wá kọ́kọ́rọ́, kí Fàtíà lọ nìkan. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ gbé e padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ gbé e padà.